Káàdì Àjọ Èéfín

 

Ohun tí mo gbé lọ́wọ́ yìí, ẹ̀yin tó wà níwájú á ti rí i pé káàdì àjọ ni. Kò sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Rẹ́mọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára rẹ̀. Aláàjọ á yọ nírọ̀lẹ́, ìyá á na owó sí i láàrin àwo ata àti àwo ẹja, aláàjọ á fi bírò fa ìlà sí ojú ilé kan, ó di ọ̀la. Bí oṣù bá pé, aláàjọ á mú owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀, á ka ìyókù lé onílé lọ́wọ́. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé kankan ti fi káàdì yìí rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé wọn kì í fi ojú dá a. Wọ́n ń fa ìlà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni mo dá sórí èyí. Ní gbogbo oṣù tó kọjá, àjọ èéfín ni mo ń dá. Lálaalẹ́, kí n tó sùn, mo ń kọ lítà epo tí a sun nínú ilé mi sílẹ̀, àti gáàsì, àti yúníìtì iná. Nígbà tí oṣù pé, mo ṣírò rẹ̀, mo sì jókòó síwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí mo wọ̀n yìí ní carbon footprint. Ipasẹ̀ èéfín ni èmi ń pè é. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ iṣẹ́ tí ipasẹ̀ ń ṣe. Ẹranko ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti sọ bó ṣe tóbi tó, ibi tó dorí kọ, àti bóyá àárọ̀ yìí ló kọjá àbí àná. Ìyọnu tó wà nínú ipasẹ̀ tiwa ni pé ojú kò rí i. Èéfín tó ń ta wá lójú nídìí ààrò kọ́ ni mo ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Afẹ́fẹ́ kan ni, carbon dioxide, tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó ń jáde níbikíbi tí a bá ti dáná sun igi, epo, èédú tàbí gáàsì. Ó ń gòkè lọ, ó ń tẹ́ ara rẹ̀ sójú òfúrufú bí aṣọ ìbora, ooru tí ilẹ̀ ìbá tú dànù lálẹ́ a sì máa há sábẹ́ rẹ̀. Ní 1958, nígbà tó ku ọdún méjì kí Nàìjíríà gba òmìnira, Charles Keeling, ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ yìí lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan, ìpín bíi 315 ni tirẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ó ti kọjá 420. Ọmọ tí wọ́n bí ní Akaka, ìlú wa yìí, lọ́dún yẹn ti di bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà báyìí, aṣọ ìbora yìí sì ti nípọn sí i ní gbogbo ọdún tó fi wà láyé.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí nígbà tí mò ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ níbí nítorí pé ìbéèrè tó dára ni. Mo ti sọ fún un pé lítà epo bẹntiróòlù kan, bó bá jóná tán, kìlò 2.3 ti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ló ń tú síta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, lítà epo fúnra rẹ̀ kò wọn kìlò kan. Báwo ni èéfín rẹ̀ ṣe lè wúwo ju òun alára lọ?" Òótọ́ ni. Ẹ gbé lítà bẹntiróòlù sórí òṣùwọ̀n, kò ní pé kìlò kan, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kìlò ni ẹ ó rí.

Gààrí ló dáhùn rẹ̀. Ẹ bu ife gààrí Ìjẹ̀bú kan sínú abọ́, ẹ da omi tútù lé e, ẹ lọ gbé ẹ̀pà. Kí ẹ tó dé, ó ti wú dé ẹnu abọ́. Gààrí kò pọ̀ sí i, omi ló mu. Kábọ́ọ̀nù inú epo ni gààrí wa, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì ni omi. Bí iná bá ti kàn án, kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á di ọ́síjìn méjì mú. Bí kábọ́ọ̀nù bá wọn 12, ọ́síjìn méjèèjì á wọn 32, àpapọ̀ rẹ̀ á di 44. Ìdí nìyẹn tí epo tí ẹ fi ọwọ́ kan gbé wọlé nínú kẹ́ẹ̀gì fi ń jáde ní ẹrù tí ọwọ́ méjì kò lè gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí káàdì mi. Ènìyàn mẹ́rin la wà nínú ilé. Alẹ́ méjìdínlógún ni iná mànàmáná kò dé nínú oṣù náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", sì ń mu lítà méjì lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lítà 36 nìyẹn. Ẹ fi 2.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di kìlò 83. Gáàsì ìdáná, a lo kìlò mẹ́wàá nínú sílíńdà. Kìlò gáàsì kan ń tú kìlò mẹ́ta síta, ó di 30. Mítà iná ka yúníìtì 90. Ní Nàìjíríà, yúníìtì kan tó ìwọ̀n kìlò 0.4, nítorí pé gáàsì ni wọ́n fi ń yí púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wa, bí ti Egbin ní Ìkòròdú, tí omi Kainji àti Jebba sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó di 36. Mọ́tò mi mu lítà 60. Ó di kìlò 138.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 287. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ó jẹ́ kìlò 72 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàrin oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí 860 lọ́dún. N kò tíì ka oúnjẹ, n kò ka aṣọ, n kò ka ilé tí à ń gbé.

Mo ti rò pé gáàsì ni yóò pọ̀ jù, nítorí òun ni owó rẹ̀ máa ń dùn mí. Ìyàwó mi ti rò pé iná mànàmáná ni, nítorí fíríìjì. A ṣìnà, àwa méjèèjì. Mọ́tò tí mo ń dá wà ni, àti jẹnẹrétọ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ káàdì nìyí. Bí mi ò bá fa ìlà, ìyàwó mi ni n bá máa yọ lẹ́nu nítorí fíríìjì.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi wo ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yìí. Lítà bẹntiróòlù kan nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn kì í sábà mú ju yúníìtì kan àbọ̀ lọ jáde, bó bá tilẹ̀ ṣe dáadáa. Nítorí náà, yúníìtì iná kan láti inú jẹnẹrétọ̀ ń ná ayé ní kìlò kan àbọ̀ ó kéré tán, nígbà tí yúníìtì kan láti orí wáyà kò ju 0.4 lọ. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó bá fẹ́ dín èéfín kù gbọ́dọ̀ gbà láti jókòó sínú òkùnkùn. Rárá o. Ní ilẹ̀ yìí, iná tó dúró déédéé fúnra rẹ̀ ni ìdínkù èéfín. Ìlú tó bá lọ bẹ ìjọba fún tiransifọ́má, tí wọ́n gbé e wá, tí iná sì dúró, ti ṣe ju ìlú tó pàṣẹ kí gbogbo ilé pa gílóòbù lọ.

Èyí tó kàn ni ojú ọ̀nà. Ká ní bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá gbéra ní Ṣágámù lọ sí Èkó, tó mu lítà mẹ́sàn-án. Kìlò 21 ló tú síta, ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì ru ju kìlò kan àbọ̀ lọ. Ká ní èmi nìkan wa mọ́tò mi tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà lẹ́yìn, tí mo mu lítà mẹ́fà. Kìlò 14, orí mi nìkan ló wà. Ọ̀nà kan náà, wákàtí kan náà, gòsílóò kan náà. Ẹ̀yin tó ń jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì tí ẹ ń fi ojú wo ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó rí ṣe, ẹ̀yin lẹ rí ṣe nínú ìṣirò yìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá wakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn. Ìnira ló kó wọn síbẹ̀, n kò sì ní yin ìnira. Ṣùgbọ́n àṣà kí mẹ́rin jọ wọ mọ́tò kan láti Akaka lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ṣágámù jẹ́ èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kó parẹ́, kódà bí epo bá wálẹ̀.

Báyìí, ẹ bá mi dé ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń yan gààrí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti máa ń ṣìwà hù sí wa. Ìyá náà jókòó lórí àpótí, agbada fẹ̀ níwájú rẹ̀, igi ìdáná mẹ́ta tàbí mẹ́rin na orí sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di àfọ́ igbá mú, ó ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀, kí gààrí má baà jóná. Atẹ́gùn yí padà, èéfín kọjú sí i, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nu ojú, ọwọ́ ọ̀tún kò sì dúró. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti òkèèrè wá á ní, ẹ wo èéfín, ẹ wo ìbàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fa ìlà fún òun náà. Igi tó ń sun yẹn, inú afẹ́fẹ́ ló ti mu kábọ́ọ̀nù rẹ̀ nígbà tó ń dàgbà. Bí igi mìíràn bá ń hù lójú ibi tí wọ́n ti gé e, ohun tó gòkè lónìí á padà wálẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó yá owó tó sì san án. Èyí tí kò ní ìsanpadà ni igi tí wọ́n gé lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi símẹ́ǹtì bò. Ti epo rọ̀bì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àwa la lọ jí i. Nítorí náà, ìyá tó ń yan gààrí pẹ̀lú igi oko rẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí oko náà hù padà, ipasẹ̀ rẹ̀ kéré ju tèmi lọ, èmi tí mò ń kàwé lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀.

Ẹjọ́ tí èéfín ìdáná ní, ara ìyá náà ló wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dún 2020, ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 ló kú káàkiri ayé nítorí èéfín inú ilé. Bí a bá fẹ́ bá ìyá wa ṣe nǹkan, kí a ra ààrò tó ní ọ̀pá èéfín fún un, tí kì í jẹ igi púpọ̀, kí a sì ṣe é nítorí ojú rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí a má ṣe fi orúkọ ayé gbígbóná kàn án lẹ́sùn.

Oúnjẹ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Màlúù ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń gùnfẹ̀, afẹ́fẹ́ tó sì ń gùn jáde, methane, ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po bíi 28 ju afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà, kìlò ẹran màlúù kan lè ju ogún kìlò afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ, kìlò ẹ̀wà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ekìrí méjì lórí ìkọ́kọrẹ́ kò ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ẹni tó ń pa màlúù mẹ́fà síbi òkú àgbà kan, kó ṣírò rẹ̀ kó tó pa á.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, nítorí pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Òkúta ẹfun pọ̀ sábẹ́ ilẹ̀ Ògùn. Ilé iṣẹ́ WAPCO bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe símẹ́ǹtì ní Ewékorò ní 1960, wọ́n sì ṣí ti Ṣágámù ní 1978. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń dán ní Rẹ́mọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe iná ìléru nìkan ló ń tú kábọ́ọ̀nù jáde níbẹ̀. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ni. Bí ẹ bá sun 100 kìlò òkúta ẹfun tó mọ́ títí yóò fi di ẹfun, 56 lẹ ó kó nílẹ̀, 44 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò sí irú iná tí ẹ lè dá tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpò símẹ́ǹtì oníkìlò 50 kan fi ń gbé nǹkan bí ọgbọ̀n kìlò lẹ́yìn.

Ká ní ọmọ Akaka kan kọ́ ilé tó gba 500 àpò. Tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Bí ènìyàn márùn-ún bá gbé inú rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, a ó pín in, yóò jẹ́ 60 kìlò fún ẹnì kan lọ́dún, kò sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ilé alájà méjì tó wà létí títì, èyí tí ẹni tó kọ́ ọ kò ní ju ìgbà Ọdún Kérésì àti Iléyá lọ tó fi ń wọ inú rẹ̀, tí eku àti ẹyẹlé sì ń gbé ìyókù ọdún. Ta ni a ó pín ìyẹn fún? Àwọn bàbá wa fi amọ̀ mọ ilé, ilé náà tutù lọ́sàn-án, ó sì móoru lóru. N kò ní kí a padà sí ilé amọ̀. Mo ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ẹni tí yóò sùn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan kó tó ra àpò símẹ́ǹtì rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti London dé, ẹ kú àbọ̀. N kò ní fi tiyín sílẹ̀. Láti Èkó dé London, lọ àti bọ̀, jẹ́ 10,000 kìlómítà. Ìpín ẹnì kan nínú epo tí ọkọ̀ òfúrufú sun fún ìrìnàjò yẹn kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ gbé gbogbo ohun tí ọmọ Nàìjíríà kan ń tú síta láti inú epo, gáàsì àti símẹ́ǹtì láàrin ọdún gbáko: ní ìpíndọ́gba, bíi 0.6 tọ́ọ̀nù ni. Ìrìnàjò yín kan ṣoṣo ju ọdún kan tí ìyá yín fi gbé ní Akaka lọ. N kò sọ èyí kí ẹ má baà wálé mọ́. Kò sí ìṣirò tó lè mú kí n sọ fún ọmọ pé kó má wá sin ìyá rẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ẹni tó fò wá fún ọjọ́ mẹ́ta, tó tún fẹ́ fò wá lóṣù tó ń bọ̀, mọ ìwọ̀n ẹrù tó ń gbé. Pápákọ̀ òfúrufú ti wà nítòsí wa báyìí, láàrin Ìlíṣàn àti Ìpẹru. Yóò rọrùn láti máa fò. Ẹ jẹ́ ká mọ iye rẹ̀ kó tó mọ́ wa lára.

Mo ti dárúkọ 0.6. Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó kù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìpíndọ́gba gbogbo ayé kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù márùn-ún fún ẹnì kan lọ́dún. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 14. Bí a bá ka gbogbo ohun tí aráyé ti tú sínú afẹ́fẹ́ láti bí 1750, ìdá kan nínú mẹ́rin, díẹ̀ ló kù, ni ti Amẹ́ríkà nìkan. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò ju bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó bá wá sí Akaka wá wàásù fún àgbẹ̀ olóko obì pé òun ló ń ba ayé jẹ́, ó ti gé ìka mìíràn.

Ẹ sì gbọ́ bí ìṣirò yìí ṣe di ọ̀rọ̀ ẹnu ayé. William Rees àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Mathis Wackernagel, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé èrò ipasẹ̀ kalẹ̀ ní Kánádà ní nǹkan bí 1990 sí 1996. Ilẹ̀ àti omi tí ìgbésí ayé ènìyàn ń gbà ni wọ́n ń wọ̀n. Ní 2004, BP, ilé iṣẹ́ elépo rọ̀bì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ ìṣirò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí oníkálùkù wá ka ipasẹ̀ kábọ́ọ̀nù tirẹ̀, wọ́n sì fi ìpolówó tì í lẹ́yìn. Ẹni tó ń ta epo ní kí ẹni tó ń rà á wá jẹ́wọ́. Ó bí mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó sì ṣì ń bí mi nínú. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé bí oníkálùkù bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbójú sókè wo ìléru. Gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956, orí káàdì ta ni yóò wà? Kò sí lórí tèmi. Kò sí lórí ti ìyá onígààrí.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí mo tún fi ń dá àjọ èéfín? Nítorí pé ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kì í ní ẹnu ní kóòtù. Ní oṣù kọkànlá 2021, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, dúró níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow, ó ṣèlérí pé Nàìjíríà yóò mú èéfín rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ ń fà padà nígbà tó bá fi di 2060. Nínú oṣù yẹn kan náà ló buwọ́ lu òfin ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè yìí. Òfin yẹn ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ èéfín rẹ̀, kó sì máa jíyìn. Ẹ wo àwọn ilé iṣẹ́ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti Ṣágámù dé Ìpẹru. Ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ mọ ohun tí tọ́ọ̀nù kan jẹ́ lè kọ lẹ́tà sí wọn, kí ó béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti ìṣirò rẹ̀. Ìlú tí kò mọ̀ ọ́n, ìròyìn tí wọ́n bá kà sí i létí ni yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ sólà yóò ti máa jà lọ́kàn yín. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀bùn fún ilé, ẹ ra sólà dípò jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ rẹ̀ tán. Bátìrì tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò mọ́ sólà àti ínfátà, òjé ló wà nínú rẹ̀. Bó bá kú, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra páńdukú, á sì dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ọ̀pọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Ògíjo, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù níbí, kò jìnnà sí wa. Ní 2025, gbogbo ayé gbọ́ pé wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn tó ń gbé ní àyíká wọn, títí kan àwọn ọmọdé. Òjé kì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọdé dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn ará Ògíjo, ará ilé wa ni wọ́n. Iná tó mọ́ ní Akaka kò gbọdọ̀ jẹ́ májèlé fún ọmọ Ògíjo. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó ra bátìrì lithium, kò ní òjé nínú, ó sì ń pẹ́ ju ti òjé lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta bátìrì fún un ibi tí yóò gbé òkú rẹ̀ lọ, kó tó sanwó.

Káàdì àjọ ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà sì ni mo kọ èyí tó kù sí. Títí di ibí, ohun tí à ń tú síta la ti ń kà. Ilẹ̀ Rẹ́mọ tún ní ohun tó ń gbà wọlé. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni obì gbànja wa ti ń kún Sàbó Ṣágámù, tí àwọn Hausa ń di í sínú ewé àti àpò, tó ń lọ sí Kánò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó la máa ń rí nínú igi obì. Ẹ wò ó lọ́nà mìíràn. Ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ ni kábọ́ọ̀nù. Igi tí gbígbẹ rẹ̀ bá wọn tọ́ọ̀nù kan ti fa bíi tọ́ọ̀nù 1.8 carbon dioxide sínú láti inú afẹ́fẹ́, ìpín ọmọ Nàìjíríà kan fún ọdún mẹ́ta, ó dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oko obì àti kòkó tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ wà lára ohun tó pọ̀ jù tí ilẹ̀ yìí ti san sínú àpò àgbáyé. Ní báyìí, wọ́n ń fi ọ̀já wọ̀n wọ́n, wọ́n ń gé wọn sí púlọ́ọ̀tì. Mo mọ̀ pé ọmọ ń san owó ilé ìwé, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ń mú owó wá kíákíá. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ẹbí tó fẹ́ ta oko ni pé kí wọ́n ka igi inú rẹ̀ kí wọ́n tó pe oníwọ̀n ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iye igi báyìí ni ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ dá sí tàbí gbìn padà.

Tai Solarin, gbajúmọ̀ olùkọ́ nì, kò wọn kábọ́ọ̀nù rí. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé Mayflower tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ro oko oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìwé náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àgbà nílẹ̀ Rẹ́mọ báyìí. Wọn kò ní ṣòro láti kọ́ ní káàdì yìí, nítorí wọ́n ti mọ bí a ti ń ka ohun tí ọwọ́ ṣe.

Káàdì igba ni mo tẹ̀ wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Lójú àkọ́kọ́, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin: lítà bẹntiróòlù, 2.3, lítà dísù, 2.7, kìlò gáàsì, 3, yúníìtì iná, 0.4. Mo bẹ olórí àwọn olùkọ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ mú un lọ sílé, nítorí ọmọ ni yóò rántí láti kọ ọ́. Oṣù kan péré ni mò ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú mítà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ojú ilé àkọ́kọ́.